Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Èrè Oṣù Mẹ́ta

Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde nínú ọ̀rọ̀ ìgbàjọba rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná mànàmáná ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan. Ṣáájú ọjọ́ náà, lítà epo kan kò tó 200 náírà. Kí oṣù náà tó parí, ó ti fò sí nǹkan bí 500. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù keje, ó ti lé ní 600. Ọlọ́kadà tó ń ná Takie sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ẹni tó ń gbé èrò kúrò ní Ọjà Akẹ̀sán lọ sí Ọ̀wọ̀dé nílùú Ọ̀yọ́, àwọn méjèèjì mọ̀ pé ohun tó ń kù sọ́wọ́ wọn lálẹ́ kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé etí gbogbo ènìyàn ṣí sí ìròyìn alùpùpù tí kì í mu epo.

Ìròyìn náà kì í ṣe àlá. Ní Kútọnu àti Lómé, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Spiro ti kó alùpùpù oníná sí ojú títì. Ẹni tó ń gùn ún kì í dúró kí bátìrì gba iná. Yóò yà sí ibùdó, yóò fi èyí tó ti rọ sílẹ̀, yóò gbé èyí tó kún, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní Èkó, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi MAX náà ti ń gbé irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ jáde. Níbi gbogbo tí a ti ń sọ̀rọ̀ wọn, ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bèèrè ni pé: báwo ni yóò ṣe rìn jìnnà tó? Ṣé ó lè gun òkè? Èló ni bátìrì rẹ̀?

Ìbéèrè tó dára ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí n kò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun náà ni mo sì fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí: báwo ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe ń ṣírò owó wọn? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ táì nínú ọ́fíìsì ní Èkó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó ta alùpùpù fún ọ bá wọ gbèsè, ta ni yóò pààrọ̀ bátìrì fún ọ? Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ bá ko owó sínú rẹ̀, owó ta ni yóò ṣègbé?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ti ìwé ìròyìn. Ẹnì kan mú ìwé pélébé kan wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tó ń to alùpùpù oníná pọ̀, tó sì ń wá owó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa. Èrè oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ojú ìwé náà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà wọ́n na ìwé náà sí mi. Akápò wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wojú mi.

“Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni èrè yìí?”

“Bàbá, mi ò lè sọ. Wọn kò kọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ síbẹ̀.”

“Ṣé èrè tún ní bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni? Ẹ mú owó tó wọlé, ẹ yọ owó tó jáde kúrò, ó parí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n èwo ni ẹ máa kà sí èyí tó ti wọlé, èwo sì ni ẹ máa kà sí èyí tó ti jáde?”

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ kọ àwọn ìbéèrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ bi ilé-iṣẹ́ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ohun tí mo kọ fún wọn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí mo mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé ìṣirò oṣù mẹ́ta jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ilé-iṣẹ́ ńlá a máa gbé ìwé ìṣirò kíkún jáde, ayẹ̀wé-owó-wò láti ìta yóò sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọdún kan gùn. Ohun púpọ̀ lè bàjẹ́ kí ọdún tó yípo. Ìdí nìyẹn tí NGX, ọjà tí a ti ń ra ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà, fi ní kí ilé-iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ máa gbé ìṣirò jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, láàárín 30 ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta náà bá parí. Ìlànà àgbáyé tó ń darí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní IAS 34. Láti ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà náà ti ń tẹ̀lé ìlànà àgbáyé, lẹ́yìn òfin ọdún 2011 tó dá àjọ tó ń mójú tó ìròyìn ìṣúná owó sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni kí a rántí nípa ìwé yìí. Èkíní, ìṣirò kúkúrú ni, ó sì wọ́pọ̀ pé kò sí ayẹ̀wé-owó-wò tó fọwọ́ sí i. Èkejì, ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n lò nínú ìwé ọdún tó kọjá ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Bí wọ́n bá yí i padà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, bí iṣẹ́ wọn bá ní àkókò rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń ta máńgòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá fi èrè rẹ̀ nígbà tí máńgòrò ń so hàn ọ́, tó sì sọ fún ọ pé kí o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin kó lè jẹ́ ti ọdún kan, ìwọ yóò rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ohun kan náà sórí bébà dídán, a máa ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ilé-iṣẹ́ tí kò sí lórí NGX kò sí lábẹ́ dandan ọjà náà láti gbé ìṣirò oṣù mẹ́ta jáde fún aráyé. Ìyẹn ni pé ìwé tí wọ́n mú wá fún wa kò kọjá lábẹ́ ojú ẹnikẹ́ni kó tó dé ọwọ́ wa. Àwa gan-an ni a ní láti ṣe iṣẹ́ ìbéèrè náà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ìgbà wo ni ẹ ka ọjà sí ohun tí ẹ ti tà? Ẹ wo alájọ. Ó ń gba owó lọ́wọ́ aláta àti ẹlẹ́lùbọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan péré ni tirẹ̀. Èyí tó kù jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Alájọ tó bá ka gbogbo owó tó wà nínú àpò sí èrè yóò rò pé ọlọ́rọ̀ ni òun, títí di ọjọ́ tí àwọn olówó yóò dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀ oníná. Bí Tesla ti Amẹ́ríkà bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ra ọkọ̀ pẹ̀lú ìlérí pé ọkọ̀ náà yóò lè máa wa ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kò lè ka gbogbo owó náà sí tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Apá tó jẹ́ ti ìlérí tí kò tíì ṣẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n jẹ àwọn oníbàárà. Níhìn-ín, ìbéèrè náà tún le sí i: bí ẹ bá ta alùpùpù fún ọlọ́kadà tí yóò máa san owó díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀, ṣé gbogbo owó náà ni ẹ kà lọ́jọ́ tó gbé e lọ? Èyí tí kò bá lè san ńkọ́?

Ìbéèrè kejì: èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún wáráńtì? Bátìrì ni ọkàn ọkọ̀ wọ̀nyí, òun ló sì wọ́n jù. Tesla ń ṣe ìlérí ọdún mẹ́jọ lórí bátìrì ọkọ̀ rẹ̀. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Mélòó ni ọdún mẹ́jọ? Ìlànà ìṣirò ní kí ilé-iṣẹ́ fojú díwọ̀n iye tí àtúnṣe náà yóò ná an, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú èrè lákòókò tí ó ta ọkọ̀, kì í ṣe nígbà tí bátìrì bá kú. Ní ọdún 2021, General Motors pe gbogbo ọkọ̀ oníná Bolt tó ti tà padà, èyí tó lé ní 140,000, nítorí bátìrì wọn lè gbiná. Ìnáwó náà sún mọ́ bílíọ̀nù méjì dọ́là. Ilé-iṣẹ́ LG tó ṣe bátìrì náà gbà láti san tó 1.9 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ padà. General Motors lágbára, ẹni tó bá ṣòwò náà sì lágbára. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó ra bátìrì láti òkè òkun ńkọ́, tí kò ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìbéèrè kẹta: owó tí ẹ ná sórí ìwádìí, níbo ló wà? Lábẹ́ ìlànà àgbáyé, owó ìwádìí jẹ́ ìnáwó lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí bá ti di ohun tó dájú pé yóò di ọjà, tí ilé-iṣẹ́ sì ní owó láti parí rẹ̀, ó lè kọ owó tó ń ná láti ìgbà náà lọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dúkìá. Ní Amẹ́ríkà, òfin wọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kà sí ìnáwó. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ méjì lè ná iye kan náà, kí ọ̀kan fi àdánù hàn, kí èkejì fi èrè hàn, láìsí ẹni tó parọ́ nínú wọn. IAS 34 fi kún un pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ìnáwó oṣù mẹ́ta di dúkìá nítorí pé ó ní ìrètí pé ọ̀rọ̀ yóò dára kí ọdún tó parí. Ìrètí kì í ṣe dúkìá.

Ìbéèrè kẹrin: ọjà tó wà ní ìsọ̀ yín, èló ni ẹ kọ sílẹ̀ pé ó tó? Iye ọkọ̀ oníná a máa já lulẹ̀ kíákíá, nítorí bátìrì tuntun ń dára sí i, owó rẹ̀ sì ń dínkù. Ní ọdún 2021, Hertz, tó ń fi ọkọ̀ háyà ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò ra 100,000 ọkọ̀ Tesla. Tesla wá dín iye ọkọ̀ tuntun kù, iye àwọn tí Hertz ti rà sì bá a lọ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2024, Hertz ń ta 20,000 nínú ọkọ̀ oníná rẹ̀, ó sì ní láti yọ nǹkan bí mílíọ̀nù 245 dọ́là kúrò nínú ìṣirò oṣù mẹ́ta kan ṣoṣo. Bí alùpùpù tí ẹ rà ní mílíọ̀nù kan náírà kò bá lè mú ju 700,000 wá lọ́jà lónìí, 700,000 ni kí ẹ kọ, ní oṣù mẹ́ta yìí gan-an, láìdúró de òpin ọdún.

Ìbéèrè karùn-ún: èwo nínú èrè yín ló ti inú ọkọ̀ wá? Ọdún 2020 ni Tesla kọ́kọ́ jèrè fún odindi ọdún kan: mílíọ̀nù 721 dọ́là. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan náà, ó gba nǹkan bí 1.58 bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn tí èéfín ọkọ̀ wọn pọ̀ ju ohun tí ìjọba fàyè gbà, tí wọ́n sì ní láti ra ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yọ ìyẹn kúrò, àdánù ló kù. Tesla kò fi í pamọ́. Ó wà nínú ìwé fún ẹni tó bá kà á. Ilé-iṣẹ́ tiwa náà lè gba ìrànwọ́ ìjọba tàbí ti àjọ òkè òkun. Kò burú. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí a mọ̀ pé ìrànwọ́ ni.

Ìbéèrè kẹfà ló kan ilẹ̀ wa jù: èló ni ẹ jẹ ní dọ́là? Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà kọjá 600 lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ọdún náà fi parí, ó ti tó nǹkan bí 900. Ìlànà ìṣirò ní kí a tún gbèsè dọ́là kọ ní iye náírà òní nígbàkígbà tí a bá ń pa ìwé dé. MTN Nàìjíríà, tí gbogbo wa ń fi owó ìpè bọ́, parí ọdún 2023 pẹ̀lú àdánù nǹkan bí 137 bílíọ̀nù náírà. Nestlé Nàìjíríà pàdánù nǹkan bí 79.5 bílíọ̀nù. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò pe fóònù tàbí wọn kò mu Milo mọ́. Gbèsè dọ́là ló wú. Alùpùpù oníná tí bátìrì rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, tí a sì ń ta ní náírà, inú odò kan náà ló ń wẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé mo ń dẹ́rù bani, kí ó rántí Leyland ní Ìbàdàn. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ṣe àdéhùn láti máa to ọkọ̀ pọ̀ níhìn-ín: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó, Leyland ní Ìbàdàn tiwa. Ẹ̀yà ọkọ̀ ń ti òkè òkun wá, dọ́là àti pọ́ùn ni a fi ń rà á. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, ẹ̀yà náà di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Ìlànà ìṣirò kò lè gba irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ pé ilé ti ń jò kí òjò tó wó o.

Ohun tó yẹ kí ìwé oṣù mẹ́ta ṣe nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Fisker, tó ń ṣe ọkọ̀ oníná ní Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò oṣù mẹ́ta ìparí ọdún 2023 jáde, ó sọ ọ́ pé iyèméjì wà bóyá òun yóò lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ó lọ sí ilé ẹjọ́ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ lówó. Àwọn tó ti ra ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹni tó ka ìwé ní oṣù kejì ní oṣù mẹ́rin láti fi wá ọ̀nà. Ẹni tó ka èrè àti àdánù nìkan kò ní nǹkan kan.

Nílẹ̀ wa, kì í ṣe pé a kò ní àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Olóògbé Akíntọ́lá Williams, tó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 lẹ́ni ọdún 104, ti dá ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó sílẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1952. Síbẹ̀, ní ọdún 2006, ó hàn sí gbogbo ayé pé Cadbury Nàìjíríà ti bu èrè kún ìwé rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí ìwé náà lọ́dọọdún. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí amòye yẹ̀ wò, ẹ wo ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Mo ka ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí etí ìpàdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa, ọlọ́kadà ni, dìde pé bí a bá ń bèèrè báyìí, ilé-iṣẹ́ náà yóò bínú lọ sí ìlú mìíràn, àwa yóò sì máa ra epo títí ayé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, nítorí òun ló ń ra epo lójoojúmọ́. Èmi náà fẹ́ kí alùpùpù oníná dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó sì dúró. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó lẹ́yìn ọdún kan, òun náà ni alùpùpù yóò kú sí lọ́wọ́, tí kò ní bátìrì, tí gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà. Ilé-iṣẹ́ náà fèsì sí méjì nínú mẹ́fà: ó ní lọ́jọ́ tí alùpùpù bá kúrò ní ọgbà òun ni òun ti ń ka gbogbo owó rẹ̀, ó sì ní òun kò tíì ya owó kankan sọ́tọ̀ fún wáráńtì nítorí pé àwọn alùpùpù náà ṣì tuntun. Akápò wa ka ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí owó ẹgbẹ́ ṣì dúró sí báńkì ná, títí ìdáhùn mẹ́rin tó kù yóò fi dé. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà jẹ́ ti àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn kò ní ọdún mẹ́jọ mìíràn láti fi kó o jọ.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ yòówù tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ rẹ̀ kò gùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ fi ojú ìwé tí wọ́n kọ èrè sí sílẹ̀ ná, kí ẹ ṣí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò. Bí kò bá sí ojú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ kọ̀wé béèrè fún un kí ẹ tó fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́.